Okùn Tó Ń Tẹ́tí sí Ọkàn

Bí a bá dárúkọ kátítà, rọ́bà ìtọ̀ ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn: bàbá àgbà kan lórí bẹ́ẹ̀dì, àpò tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, àti ìtìjú lójú ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Kò sẹ́ni tí í fi ohùn ìwúrí dárúkọ rẹ̀. Ojú yẹn lèmi náà fi ń wò ó, títí di ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ dókítà ọkàn gbé irú kátítà mìíràn lé mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ọkàn tí lílù rẹ̀ ti dàrú.

Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, wọn kò lè lò ó fún aláìsàn mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè fọwọ́ kàn án. Okùn kan ni, ó gùn ju mítà kan lọ díẹ̀, kò sì nípọn tó okùn ṣájà fóònù: mìlímítà méjì àti díẹ̀ péré. Ó ní èkù tí dókítà máa ń dì mú, èkù náà sì ní bọ́tìnnì kan lára. Tí mo bá fi àtàǹpàkò ti bọ́tìnnì yẹn, imú okùn náà lọ́hùn-ún á rọra tẹ̀ kọrọdọ bí ìka àgbàlagbà tó ń pe ọmọdé mọ́ra. Mo tì í, mo fà á, mo tún tì í. Irin funfun dídán kan ló parí imú náà, kò gùn ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn irin yìí, òrùka tínńtín mẹ́ta tò sára okùn náà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Plátínọ̀mù ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi fi ìka kan àwọn òrùka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Etí rẹ̀ nìwọ̀nyí.” Ó wá fọwọ́ kan irin ìparí, ó ní, “Etí lèyí náà, òun náà sì ni ọwọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Irinṣẹ́ ìṣègùn tó ń gé pọ̀, èyí tó ń rán, tó ń fà, tó ń gún kò lóǹkà. Àwọn tó jẹ́ pé gbígbọ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wọn, tí wọ́n á fi wákàtí gbọ́ kí wọ́n tó fi ìṣẹ́jú kan ṣiṣẹ́, kò pọ̀. Sùúrù yẹn ni mo fẹ́ yìn.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní London ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àyà rẹ̀ ti máa ń ṣàdédé sáré. Kò ní sí ohun tó bà á lẹ́rù, kò ní sí òkè tó gùn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀, kó tó nàró, ọkàn ti ń lù kìkìkìkì bí ti ẹni tí ajá lé. Á máa rí bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn fún wákàtí méjì, á wá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n bá pa iná yàrá. Nílé ìwòsàn kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, eré náà ti dúró kí wọ́n tó dé iwájú dókítà. Kò sẹ́ni tó ya ECG, àwòrán iná tó ń mú ọkàn lù, fún un. Wọ́n ní àníyàn ìdánwò ni, kó lọ máa sinmi. Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀, àwa tó kù gbà á níyànjú pé kó má ronú jù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ojo ni òun, pé ara òun ń bẹ̀rù ohun tí òun kò mọ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló lò nínú èrò yẹn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé èmi náà wà lára àwọn tó ní kó má ronú jù.

Ọkàn ènìyàn ń lù ní nǹkan bí 100,000 ìgbà lójúmọ́, iná mànàmáná kékeré kan ló sì ń tì í. Ibi kíún kan ní yàrá òkè apá ọ̀tún ni iná náà ti ń ṣẹ́ wá, létí ibi tí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti orí àti apá ti wọ inú ọkàn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Martin Flack, ló rí i níbi tó ti ń yẹ ọkàn ẹranko kékeré kan wò, irú èyí tó ń wa ihò gbé nínú ilẹ̀. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, Arthur Keith, gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní 1907. Láti ibẹ̀, iná á tàn ká yàrá òkè méjèèjì, wọ́n á sì fún ẹ̀jẹ̀ inú wọn sí yàrá ìsàlẹ̀. Àmọ́ iná náà kò lè kàn bọ́ sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Ààlà wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ tí kò lè là kọjá, àfi ní ojú kan ṣoṣo, oníbodè ló sì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn ìlú wa àtijọ́ mọ iṣẹ́ oníbodè. Kò sí àlejò tó ń wọ̀lú tí kò ní dúró níwájú rẹ̀. Oníbodè ọkàn máa ń dá iná dúró fún bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kó tó jẹ́ kó kọjá, kí yàrá òkè lè ráyè da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tán kí ti ìsàlẹ̀ tó fún. Sunao Tawara, ọmọ ilẹ̀ Japan tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Marburg nílẹ̀ Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1906. Ìdádúró kékeré yẹn, tí a kì í mọ̀ lára, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó jáde nínú ọkàn wa jáde.

Àwọn kan wà tí wọ́n bí tòun tọ̀nà mìíràn. Fọ́nrán ẹran kan tó tínrín bí òwú ṣẹ́kù sára ọkàn wọn láti inú oyún, ó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ oníbodè. Ọ̀nà fàyàwọ́ ni mo ń pè é, n kò sì tíì rí orúkọ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1930, dókítà mẹ́ta, Louis Wolff àti Paul Dudley White ní Boston pẹ̀lú John Parkinson ní London, kọ̀wé nípa ènìyàn mọ́kànlá tí ara wọn le dáadáa tí àyà wọn sì máa ń sáré báyìí. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àìsàn náà ń jẹ́ títí di òní. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti fojú inú rí. Iná á gba ọ̀dọ̀ oníbodè sọ̀ kalẹ̀ bó ti yẹ. Tó bá dé ìsàlẹ̀, á rí ọ̀nà fàyàwọ́ tó ṣí sílẹ̀, á gba ibẹ̀ gòkè padà, á tún bá oníbodè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ó di òbìrí tí kò lópin: 180, 200, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí oníbodè bá kọ̀ fún iná ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, òbìrí náà já, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́ lójijì. Ìdí nìyẹn tí fífi ojú bọ omi tútù, tàbí dídi èémí mú kéèyàn sì fún inú, fi máa ń dá a dúró nígbà mìíràn: ó ń mú kí oníbodè fà sẹ́yìn díẹ̀. Ọmọ wa ti ń bu omi tútù sójú fún ọdún mẹ́fà láìmọ ìdí tó fi ń ràn án lọ́wọ́.

Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwọ̀nba àwọn kan. Bí yàrá òkè bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìnnìjìnnì, oníbodè ló yẹ kó dá ọ̀pọ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ náà padà. Ọ̀nà fàyàwọ́ kì í dá nǹkan kan padà. Ó lè kó gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ sì lè ṣubú lulẹ̀ kó má dìde mọ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí dókítà fojú tó le wo ọ̀rọ̀ náà.

Ìtàn bí okùn ṣe kọ́kọ́ dé inú ọkàn ènìyàn tó wà láàyè tún dá wa padà sọ́dọ̀ rọ́bà ìtọ̀. Ní 1929, Werner Forssmann, ọmọ ọdún 25, ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Eberswalde, nítòsí Berlin. Ó gbà pé èèyàn lè ti okùn gba inú iṣan apá dé ọkàn láìkú. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì kan, Gerda Ditzen, tí kọ́kọ́rọ́ ibi ìkóhun-èlò wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà sì gbà pé kó dán an wò lára òun. Forssmann dè é mọ́ tábìlì, ó ṣe bí ẹni fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àṣé apá òsì ara rẹ̀ ló ti là. Kátítà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ ló tì wọ inú iṣan náà, sẹ̀ǹtímítà 65, ó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ lọ síbi X-ray, okùn náà ń fì lápá rẹ̀, láti lọ wo ibi tí imú rẹ̀ dé. Inú ọkàn ló dé. Ẹ̀gàn pọ̀ nínú ohun tó kọ́kọ́ gbà bọ̀. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel kàn án ní 1956, òun pẹ̀lú André Cournand àti Dickinson Richards, iṣẹ́ dókítà ìtọ̀ ló ń ṣe ní Bad Kreuznach. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, pé rọ́bà tí a ń tijú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ sọ́kàn.

Okùn Forssmann kò ní etí. Ó pẹ́ kí etí tó hù lára rẹ̀. Ní 1967, Dirk Durrer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amsterdam fi hàn pé bí wọ́n bá fi okùn ta iná díẹ̀díẹ̀ sínú ọkàn, wọ́n lè mú kí eré náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wù wọ́n, kí wọ́n sì dá a dúró nígbà tó wù wọ́n. Ní 1969, Benjamin Scherlag fi kátítà gbọ́ ohùn ojú pópó tó ti ọ̀dọ̀ oníbodè sọ̀ kalẹ̀, èyí tí Wilhelm His ti rí ní 1893. Ohùn náà kéré bíńtín, ẹ̀rọ ECG tí wọ́n ń so mọ́ àyà kò lè gbọ́ ọ. Àfi kéèyàn wọlé lọ bá a.

Láàárín àwọn ọdún yẹn, ọ̀bẹ ni ọ̀nà àbáyọ. Ní 1968, ní Yunifásítì Duke nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Will Sealy la àyà apẹja kan, ó sì gé ọ̀nà fàyàwọ́ inú ọkàn rẹ̀. Ó yọrí sí rere, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ná wọn: egungun àyà tí wọ́n là sí méjì, ọkàn tí wọ́n ṣí, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ara tó padà, nítorí fọ́nrán kan tí kò tó òwú.

Àṣìṣe ló tọ́ka sí ọ̀nà tó kàn. Àwọn dókítà kan nílẹ̀ Faransé kọ̀wé ní 1979 nípa aláìsàn kan tí wọ́n ta iná sí láyà láti dá lílù ọkàn rẹ̀ padà, tí iná náà sì gba ara kátítà tó wà nínú ọkàn rẹ̀ kọjá, tó pa ojú pópó oníbodè. Melvin Scheinman ní San Francisco ronú sí i. Ní 1981, ó mọ̀ọ́mọ̀ ta irú iná bẹ́ẹ̀ gba inú kátítà fún ẹni tí oògùn kò ràn mọ́, láìfi ọ̀bẹ kàn án láyà. Ọ̀nà ti là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì le koko: ìbúgbàù ni iná náà máa ń ṣe ní imú okùn, aláìsàn gbọ́dọ̀ sùn fọnfọn, ẹ̀rọ tí ń bá ọkàn lù ni wọ́n sì máa ń fi sí i lára lẹ́yìn náà. Ìgbì rédíò ló wá rọ̀ ọ́. Ìgbì yìí kì í ta èèyàn gìrì. Ó kàn ń mú kí ẹran tó wà níwájú imú okùn gbóná, tí ó bá sì ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹran ibẹ̀ kò ní lè gbé iná kọjá mọ́ láé. Ojú ibi tó jó náà kì í ju ẹyọ àgbàdo kan lọ. Ní 1991, Warren Jackman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oklahoma kéde pé àwọn ti fi ṣe 166 ènìyàn tó ní ọ̀nà fàyàwọ́, ó sì yọrí fún 164 nínú wọn. Láti ọdún yẹn ni ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n rí i níkẹyìn pé ọ̀nà fàyàwọ́ ló ń ṣe ọmọ wa, okùn yìí ni wọ́n ní àwọn máa fi tọ́jú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó pè mí. “Dádì Ìbàdàn, ẹ má bẹ̀rù o. Wọn ò ní là mí láyà.” Mo ní kí Ọlọ́run wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òun ló rí i, nítorí oògùn tó ń rẹni lára nìkan ni wọ́n fún un, kò sùn tán.

Wọ́n pa ibi tí itan ti pàdé ikùn kú, wọ́n gba inú iṣan ibẹ̀ ti okùn mẹ́rin wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n ti ń gòkè, nítorí inú iṣan kì í mọ ìfọwọ́kàn. Ọ̀kan dúró ní yàrá òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́bàá oníbodè, ọ̀kan sì wọ inú iṣan tó gba ẹ̀yìn ọkàn yí ká bí ìgbànú. Lójú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òrùka kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, aláwọ̀ ewé, pupa, funfun, gbogbo wọn ń sáré láti ọ̀tún sí òsì. Dókítà náà kò ṣe nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó kàn ń wo àwọn ìlà náà, ó ń ní kí wọ́n ta iná díẹ̀, ó tún ń wò. Lẹ́ẹ̀kan, ó mú eré náà bẹ̀rẹ̀, àyà ọmọ náà sì ṣí lọ bó ti máa ń ṣe láti kékeré. Dókítà yí ojú sí i, ó bi í léèrè bóyá èyí tó máa ń ṣe é nìyí. Ó ní òun ni. Ó ní omijé bọ́ lójú òun níbẹ̀, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹlòmíràn yóò rí ohun tó ń ṣe é nígbà tó ń ṣe é.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú àwọn ìlà yẹn ni ibi tí ohùn yàrá òkè àti ohùn yàrá ìsàlẹ̀ ti súnmọ́ra jù. Níbi gbogbo, oníbodè ló wà láàárín wọn, àlàfo kan sì máa ń wà. Níbi tí fàyàwọ́ bá ti ń kọjá, kò sí àlàfo, ohùn méjèèjì á wọnú ara wọn. Ìyàtọ̀ náà lè má ju ìdá mẹ́wàá tàbí ogún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Àwọn òrùka tó wà lórí ìgbànú ẹ̀yìn ọkàn ló tọ́ka sí i pé apá òsì ni, nítòsí ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá òkè àti ìsàlẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn kan lu ihò kékeré sí ògiri tó pín yàrá òkè méjèèjì, irú ihò tí ara sábà máa ń dí fúnra rẹ̀, wọ́n sì ti okùn tó ní ọwọ́ gba ibẹ̀. Imú rẹ̀ ń rìn létí ilẹ̀kùn náà, mìlímítà kan síwájú, mìlímítà kan sẹ́yìn, lórí ẹran tí kò dúró sójú kan, nítorí ọkàn kò dáwọ́ lílù dúró. Ìyẹn ló ń ya èmi lẹ́nu jù. Ọ̀gá télọ̀ kì í rán aṣọ tó ń jó.

Nígbà tí ohùn méjèèjì wọnú ara wọn pátápátá, dókítà ní kí wọ́n tan iná. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá sókè. Lórí ECG ẹni tó ní fàyàwọ́, òkè tó ga jù nínú lílù kọ̀ọ̀kan máa ń ní ẹsẹ̀ kan tó tẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ òkè tí ilẹ̀ ti ń dà díẹ̀díẹ̀ kó tó ga, nítorí àwọn kan ti wọ̀lú kí oníbodè tó ṣílẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ yẹn ló wà nínú gbogbo lílù ọkàn ọmọ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ní mẹ́rin, ẹsẹ̀ náà parẹ́. Òkè tó tẹ̀ lé e dìde ṣánṣán láti ilẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n jẹ́ kí iná náà pé ìṣẹ́jú kan, ara ríro díẹ̀ ló gbọ́ láyà, wọ́n wá pa á.

N kò ní sọ pé kò léwu. Ẹ̀jẹ̀ lè dà níbi itan, imú okùn lè gún ògiri ọkàn, ẹ̀jẹ̀ dídì lè bọ́ lọ sí ọpọlọ, àti pé bí fàyàwọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbodè, èèyàn lè fẹ́ pa ọ̀kan kó pa èkejì. Dókítà tó bá mọṣẹ́ máa ń sọ gbogbo èyí fún èèyàn kó tó buwọ́ lùwé.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ ju fàyàwọ́ lọ ni kí yàrá òkè máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, èyí tó ń ṣe ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, tó sì ń sọ ewu àrùn rọpárọsẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ó pẹ́ tí wọ́n fi rò pé gbogbo yàrá náà ló ń dàrú lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò fi sí ibi tí èèyàn lè tọ́ka sí. Michel Haïssaguerre àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux fi okùn tẹ́tí sí ènìyàn 45, wọ́n sì sọ ní 1998 pé nínú ibi 69 tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, 65 ló jẹ́ inú iṣan mẹ́rin tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnu ọ̀nà ni olórí ìṣòro náà wà, tí gbogbo ayé sì ń wá a láàárín ilé. Láti ìgbà náà, ọgbà ni wọ́n ń fi iná sọ yí ẹnu àwọn iṣan yìí ká. Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ mọ ohun tí àlàfo kan ṣoṣo lára ọgbà lè fà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí ọgbà yìí ni okùn náà ṣe ń kọ́ ọgbọ́n sí i. Òòfà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń sọ ibi tí imú rẹ̀ wà, kọ̀ǹpútà á sì fi ìrìn rẹ̀ ya àwòrán yàrá ọkàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ Shlomo Ben-Haim ní Haifa. Àwọn kan ní ihò wẹẹrẹ tí omi iyọ̀ ń gbà jáde kí imú wọn má bàa gbóná jù. Àwọn kan lè sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹran lágbára tó, gíráàmù mẹ́wàá, gíráàmù ogún. Òmíràn tilẹ̀ jẹ́ bàlóònù tó ń fi òtútù ṣe ohun tí àwọn tó kù ń fi ooru ṣe.

Ìyàtọ̀ tó dé kẹ́yìn tún jẹ́ ohun ìyanu fún mi. Ọ̀nà oúnjẹ wa gba ẹ̀yìn yàrá òkè apá òsì kọjá, ògiri tínrín ló sì wà láàárín. Ooru tó bá ré kọjá lè jó o, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí sábà máa ń kú. Kátítà tuntun kì í jó, kì í dì. Iná tó lágbára gan-an ló ń ta, ṣùgbọ́n kíkúrú ìtasí kọ̀ọ̀kan kọjá ohun tí ojú lè rí. Ó ń lu ihò tí a kò lè fojú rí sí awọ sẹ́ẹ̀lì. Ẹran ọkàn kì í pẹ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún un, ọ̀nà oúnjẹ àti iṣan tó ń gbé èémí sókè-sódò lágbára láti fara dà á. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2023. Ọ̀kan nínú wọn máa ń ṣí bí òdòdó ní ẹnu iṣan.

Ohun tó ń ká mi lára ni bí òkun ṣe fẹ̀ tó láàárín okùn yìí àti ọ̀pọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣe é kò pọ̀ rárá, níbòmíràn kò sí, owó rẹ̀ sì ju agbára akọ̀wé tàbí ìyálọ́jà lọ. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. ECG tí wọ́n yà nígbà tí àyà ń sáré lọ́wọ́, kí eré náà tó dúró, lè sọ ohun tí ọdún mẹ́fà àdúrà àti ìbáwí kò sọ. Mo ti ní kí gbogbo ilé wa mọ̀: ẹni tó bá ní àyà òun ń sáré, ẹ má ṣe ní kó má ronú. Ẹ gbé e débi tí wọ́n á ti tẹ́tí sí i.

Wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ọmọ àbúrò mi lẹ́yìn iná yẹn, nítorí fàyàwọ́ tó dákẹ́ lè tún jí. Wọ́n ta iná, wọ́n gbìyànjú láti mú eré náà padà. Kò padà. Wọ́n fa àwọn okùn náà jáde, nọ́ọ̀sì kan sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ojú itan rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ìrẹsì. Ó sùn gbalaja fún wákàtí mẹ́rin. Ọjọ́ kejì ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó tún pè mí. Ó ní òun sáré bá bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun sì bá a. Nígbà tó jókòó, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, ẹ̀rù sì bà á, ó di irin ìjókòó mú, ó ń dúró de ìgbà tí yóò já lójijì bí iná tí wọ́n pa. Kò já. Ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì, títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́.